Ẹ Má Fi Piriton Ṣe Oògùn Oorun fún Àgbàlagbà Tó Ní Alzheimer

Bí àgbàlagbà bá ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, ẹbí á ní, "Wọ́n ti ń ṣarán," ó parí. Àṣìṣe nìyẹn, torí ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń fà á; ó lè jẹ́ Alzheimer, àrùn ọpọlọ tó ń ba ìrántí jẹ́. Ẹni ọdún 51 ni Auguste Deter, obìnrin kan tó ní àrùn yìí, nígbà tí wọ́n gbà á sílé ìwòsàn ní Frankfurt, ní Jámánì, lọ́dún 1901. Nígbà tó kú ní 1906, dókítà Alois Alzheimer, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà, yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Ọpọlọ náà ti súnkì. Pròtéènì kan, tí à ń pè ní amyloid lónìí, ti dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Òmíràn, tau, ti lọ́ pọ̀ nínú wọn. Amyloid lè ti máa kó jọ fún ọdún 15 sí 20 kí ẹnikẹ́ni tó fura, nítorí náà ẹ yé wá ẹni tó ṣe wọ́n léṣe lóṣù tó kọjá.

Ti oògùn oorun ló ń bí mi nínú jù. Bàbá ń rìn káàkiri lóru, ẹnìkan á ní kí wọ́n fún wọn ní Piriton. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetylcholine wà lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn nígbà tí a bá ń kọ́ nǹkan tàbí tí a bá ń rántí. Alzheimer ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì máa ń ṣẹ́kù. Piriton, àti diphenhydramine tó wà nínú àwọn oògùn ikọ́ kan, á wá dí ibi tí díẹ̀ yẹn ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Orí wọn á túbọ̀ dàrú, wọ́n sì lè ṣubú. Nígbà mìíràn, dókítà ti kọ donepezil fún wọn, èyí tí kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè bàjẹ́. Oògùn méjèèjì á wá máa bá ara wọn jà nínú ara kan náà. Gbogbo oògùn tó wà nílé, títí kan ti kẹ́míìsì, ni kí ẹ kó lọ han dókítà.

Ẹ má retí pé donepezil á wò ó sàn, kò lè dá ikú sẹ́ẹ̀lì dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe àyẹ̀wò DNA tó sọ pé ẹ ní APOE4, irú àbùdá kan tó lè mú kí ewu Alzheimer pọ̀ sí i, ẹ má sọkún. Ìwádìí tí wọ́n fi Ìbàdàn wé Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ewu rẹ̀ kò lágbára lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn bíi ti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní Indianapolis.

Bí orí àgbàlagbà bá sì dàrú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má pè é ní Alzheimer. Àrùn inú ìtọ̀, ibà tàbí oògùn tuntun lè fà á. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.