Bí a ṣe fi àyà wa tọ́jú ọmọ tí kò pé oṣù ní Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ wa obìnrin ò dúró kí oṣù rẹ̀ pé. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n ni oyún wà tí ìyá rẹ̀ fi bí i, láàárín ọyẹ́ gangan, kílò 1.6 sì ni wọ́n rí lórí ìwọ̀n. Télọ̀ ni mí ní Lágere, ìyàwó mi ń ta èlò ọbẹ̀, a ò sì mọ nǹkan kan nípa ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ṣe títí ó fi gbó ni mo fẹ́ sọ, bí a ṣe ṣe é gan-an, torí mo mọ̀ pé àwọn òbí kan wà ní wọ́ọ̀dù lónìí tí wọ́n ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá máa mú ẹyọ kan péré nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú èyí: gbígbé ọmọ sáyà, iṣẹ́ gbogbo ilé ni. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ìyá ọmọ nìkan, yóò rẹ̀ ẹ́ kí ọmọ tó gbó.

Ọ́síjìn díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí mímí rẹ̀ balẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ní kí ìyá rẹ̀ tú bọ́tìnnì búláòsì rẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń tẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ńkọ́. Ó ní, "Dádì ìkókó, àyà màmá rẹ̀ ni ẹ̀rọ. NEPA ò lè mú èyí lọ." Wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́yìn. Mo di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó tutù rinrin nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Dókítà ló wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oyún ni ọ̀rá abẹ́ awọ tó ń mú ara ọmọ móoru máa ń kóra jọ. Èyí tó bá ti ṣáájú dé, ọ̀rá yẹn ò tó lára rẹ̀, kò lè dá ooru mú dúró. Bí òtútù bá mú un, agbára tó yẹ kó fi mí kó sì fi dàgbà ni yóò fi máa wá ooru kiri. Awọ tó kan awọ ń fún un ní ooru náà, èémí ìyá tó ń lọ tó ń bọ̀ ń rán tirẹ̀ létí, omi ọmú náà sì ń sún wá. Ìtọ́jú kangaroo ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù, orúkọ ẹranko kan tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1978, nígbà tí Dókítà Edgar Rey Sanabria rí i pé ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ò kárí àwọn ọmọ.

Ohun tó wú mi lórí ni pé Ifẹ̀ wa yìí wà nínú ìtàn náà. OAUTHC, ọsibítù ńlá tó wà lójú ọ̀nà Iléṣà, jẹ́ ọ̀kan nínú ọsibítù márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Àwọn yòókù wà ní Gánà, Íńdíà, Màláwì àti Tànsáníà. Ọmọ tó lé ní 3,200 ni wọ́n tọ́pa, gbogbo wọn ò tó kílò 1.8. Nínú àwọn tí wọ́n gbé sáyà ní kété tí wọ́n bí wọn, 12 nínú 100 ló kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n ní kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ọdún 2021 ni èsì náà jáde. Ní 2022, àjọ náà kọ ọ́ sínú ìlànà pé kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ kíákíá, kí ọmọ wà láyà fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán lójúmọ́, títí dé 24 níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, gbogbo iyèméjì tí mo ní ló fò lọ.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e nìyí. Pámpásì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni ọmọ yóò wọ̀. Ẹ gbé e dúró sáàárín ọmú méjèèjì, kí àyà rẹ̀ kan àyà yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, kí ọwọ́ náà ká. Kí orí rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbọ̀n rẹ̀ sì gbéra díẹ̀. Ibi àgbọ̀n yìí ni nọ́ọ̀sì ti le mọ́ wa jù lọ: bí àgbọ̀n bá sinmi lé àyà ọmọ fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí èémí ń gbà á pa dé, bí orí bá sì ṣubú sẹ́yìn jù, ọ̀kan náà ni. Èmi máa ń rí i dájú pé mò ń rí imú rẹ̀ láìjẹ́ pé mo ṣí aṣọ kankan.

Ní ti aṣọ tí a fi ń dè é, ojú télọ̀ ni mo fi wò ó. Àwọn ìyá kan ní wọ́ọ̀dù ń lo ọ̀já tí a fi ń pọnmọ, ó sì ń gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń tú, ańkárá kì í sì í fà. Mo lọ ra aṣọ òwú tó ń fà, irú èyí tí wọ́n fi ń rán síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo wọn ìyàwó mi yípo lábẹ́ apá, mo gé aṣọ náà kéré sí ìwọ̀n yẹn díẹ̀ kó lè fún un, mo sì rán an yípo láìsí bọ́tìnnì, láìsí síìpù tó lè họ ọmọ lára. Orí ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́, a ó wá ti ọmọ bọ inú rẹ̀ láti òkè. Etí aṣọ yóò dé abẹ́ etí ọmọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò gbá a ní ìdí mú. Kó fún débi pé bí ẹ bá dìde, ọmọ ò ní yọ̀ wálẹ̀, kó má sì fún débi tí ikùn rẹ̀ ò ní lè wú bó bá ń mí. Mo rán tèmi, mo rán ti Màámi, mo rán èyí tí a ó máa fi pààrọ̀ torí ìtọ̀. Àwọn ìyá kan ní wọ́ọ̀dù rí i, wọ́n ní kí n bá àwọn náà rán an, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ ò lè fa ọmú níbẹ̀rẹ̀. Kí oyún tó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34, fífa ọmú, gbígbé e mì àti mímí pa pọ̀ máa ń nira fún ọmọ. Rọ́bà tín-ín-rín kan tó gba imú wọ inú ni wọ́n fi ń fún un ní omi ọmú, kó tó di pé a bọ́ sórí ife kékeré. Ọwọ́ ni ìyàwó mi fi ń fún ọmú náà: àtàǹpàkò lókè, ìka tó tẹ̀lé e nísàlẹ̀, lẹ́yìn ibi dúdú ọmú, yóò tì wọ́n síhà àyà, yóò wá fún wọn pọ̀. Kì í fa orí ọmú rárá. Ti àkọ́kọ́, ṣe ló ń kán tó-tó-tó, ó ki, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Ohun tó ń gbógun ti àrùn fún ọmọ pọ̀ nínú rẹ̀. Ní gbogbo wákàtí méjì sí mẹ́ta ló ń jẹun, tọ̀sán-tòru. Èmi ló ń fọ ife, tí mo sì ń bọ̀ ọ́ nínú omi híhó. Ìgbà tí ọmọ bá wà láyà rẹ̀ gan-an ni omi ọmú máa ń sún wá jù.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀ sí ilé wa ní Mọ́órè, ó ti ń mu ọmú fúnra rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń lọ sókè, ṣùgbọ́n kò tí ì tó kílò 2.5. Ìyá rẹ̀ ló ní in lọ́sàn-án àti nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ jẹun. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, màá wẹ̀, mi ò ní fi lọ́fíńdà sára, màá fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, wọ́n á wá gbé e fún mi. Tèmi ni àṣálẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, kí ìyá rẹ̀ lè sun oorun gidi. Màámi ń gbà á ní ìdájí. A kì í gbé e kúrò láyà ẹnì kan kí wákàtí kan tó pé, torí gbígbé kiri máa ń kó àárẹ̀ bá a. A ò ní àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ìrọ̀rí la kó ti ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, a sì ń fẹ̀yìn tì í kí orí àti àyà lè ga. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn gbalaja pẹ̀lú ọmọ láyà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé ṣé ọkùnrin náà ń gbọ́mọ sáyà. Àyà ọkùnrin móoru bíi ti obìnrin. Bí gbogbo ilé bá dákẹ́, màá máa fi ohùn jẹ́jẹ́ kì í, èémí rẹ̀ á sì máa fẹ́ mi lọ́rùn.

Màámi ló kọ́kọ́ ṣe iyèméjì. Lójú tiwọn, ọmọ tí a ò bá fi omi gbígbóná àti kànìnkànìn wẹ̀ láàárọ̀, tí a ò nà, tí a ò fi òrí pa lára, eegun rẹ̀ ò ní le. Wọ́n ti wẹ ọmọ tó pọ̀ ní àdúgbò wa, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò mọ ọmọ tọ́jú. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ọwọ́ yín náà la fẹ́ kí ẹ fi tọ́ ọ. Dókítà ní òtútù lẹ́yìn ìwẹ̀ lè ṣe é ní jàǹbá báyìí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbó, ẹ ó wẹ̀ ẹ́ tẹ́rùn." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ gbé e wá kí n gbé e sáyà tèmi náà." Láti ọjọ́ yẹn, àwọn gan-an ló ń dá àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kí ẹni tó bá ń húkọ́ máa lọ. Aṣọ rírọ̀ tí a rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ la fi ń nù ún lára, apá kan lẹ́ẹ̀kan, a ó sì bo ìyókù. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tí wọ́n fún wa ní ọsibítù la fi sí ìdodo rẹ̀, a ò fi àgbo sí i, a ò fi páúdà sí i.

Ẹ má gbàgbé ìyá ọmọ. Ìyàwó mi máa ń sunkún lójijì, pàápàá lálẹ́, ó ń bi mí pé kí ló ṣe tí oyún ò fi dúró. Mi ò sọ fún un pé kó dákẹ́. Mo jókòó tì í, mo ní kó máa sọ ọ́ títí yóò fi tán nínú rẹ̀, mo sì sọ ohun tí dókítà sọ fún mi, pé kò ṣe ohun kankan tó fà á. Mo gba oúnjẹ sísè, mo gba aṣọ fífọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa pé bí ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ọmọ lára, kí a gbé e lọ rí dókítà lójú ẹsẹ̀, torí àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ti ìyàwó mi rọlẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa.

Wọ́n ní kí a sáré padà wá bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, bí ara rẹ̀ bá tutù láìka pé ó wà láyà sí, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí àyà rẹ̀ bá ń wọlé sínú nígbà tó bá ń mí, bí mímí rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, bí gìrì bá mú un, tàbí bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú mú. Mo kọ ọ́ sára ògiri. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá fún wa la ń gbé e lọ wọ̀n; nǹkan bíi gíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń retí kó fi sanra sí i.

Nígbà tó sún mọ́ kílò 2.5, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀, ó ń fa ọwọ́ yọ nínú aṣọ, ó ń ké bí a bá ti gbé e wọ inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ooru ara rẹ̀ ti tó o nìyẹn, a lè jẹ́ kó sinmi. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ ojú rẹ̀ wò, torí ẹyinjú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àmójútó. Wọ́n sì kọ́ wa bí a ó ṣe máa ka ọjọ́ orí rẹ̀: bí a bá ń wo ìgbà tó yẹ kó gbé orí dúró tàbí kó jókòó, kí a yọ ọ̀sẹ̀ méje tó fi ṣáájú kúrò. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni wọ́n ń kà, a ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan.