Báàjì Oníná Aláwọ̀ Àsíá: Bí Ẹni Tí Kò Jó Òjé Rí Ṣe Lè Ṣe É

Báàjì tí a fẹ́ ṣe yìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Iná LED mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, a ó sì tò wọ́n bí àsíá ilẹ̀ Benin ṣe rí: àwọ̀ ewé lápá òsì, ìyeyè lókè lápá ọ̀tún, pupa lábẹ́ ìyeyè. Ẹ lè fi sí àyà búbá yín lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, nígbà àjọ̀dún òmìnira, kí gbogbo Àjàṣẹ́ rí i. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, kódà fún ẹni tí kò di irin ìjó-òjé mú rí, irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ òjé láti so wáyà pọ̀.

Ohun tí ẹ máa rà

Irin yẹn gan-an ni àkọ́kọ́, èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò. Fer à souder ni kí ẹ bèèrè ní ọjà Ouando. Bí ẹ bá wà ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́, ẹ wádìí lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Oníwáàtì 30 sí 40 ti tó. Ẹ ra òjé fọ́nrán tín-ínrín tó ní oje igi nínú. Ẹ má gba ásíìdì tí àwọn tó ń jó páànù ń lò, nítorí yóò máa jẹ bàbà ara bọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún wá LED mẹ́ta, bọ́ọ̀dù oníhò kékeré, súìṣì, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 pẹ̀lú ilé rẹ̀, rẹsísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dín iná tó ń kọjá kù, óòmù ni ìwọ̀n rẹ̀) óòmù 220 méjì àti óòmù 47 kan, wáyà díẹ̀, ẹ̀mú tó ń gé wáyà, kànìnkànìn, pínnì àti ègé àǹkárá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ fo rẹsísítọ̀. Ẹ̀yin ẹ má fò ó. Fóòtì 3 ni agbára iná tí bátìrì yìí ń gbé jáde. LED pupa kò nílò ju nǹkan bíi 2 lọ, ìyeyè náà kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ LED aláwọ̀ ewé òde òní ń fẹ́ tó 3. Bí ẹ bá kàn so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, pupa yóò gba iná mọ́ ewé lọ́wọ́: òun yóò máa tàn yòò, ewé yóò ṣú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ní rẹsísítọ̀ tirẹ̀, 220 fún pupa àti fún ìyeyè, 47 fún ewé. Ìlà ara 220 ni pupa, pupa, búráùn. Ti 47 ni ìyeyè, àlùkò, dúdú.

Kí irin tó gbóná

Ẹ dán LED kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì há bátìrì láàárín, kí ẹsẹ̀ gígùn kan ojú tí wọ́n kọ àmì + sí. Bí kò bá tàn, ẹ yí i padà. Èyí tí kò bá tàn lọ́nà méjèèjì ti kú, ẹ jù ú nù kó tó dé orí bọ́ọ̀dù.

Ẹ to iná náà síbi tí wọ́n máa wà. Ẹsẹ̀ gígùn kọ̀ọ̀kan bá rẹsísítọ̀ rẹ̀ lọ. Ìdí rẹsísítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lójú kan, wáyà kan gba ibẹ̀ kọjá sí súìṣì, ó sì dé + ilé bátìrì. Gbogbo ẹsẹ̀ kúkúrú para pọ̀ lọ sí −. Ẹ má torí àtidín iṣẹ́ kù yọ súìṣì kúrò o. Bí ẹ bá wọ báàjì yìí lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lóru ní Kétu, ó yẹ kí ẹ lè pa á kí Ẹ̀fẹ̀ tó jáde. Òun ló ni ojú àwọn ènìyàn lóru ọjọ́ náà.

Jíjó òjé

Ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Oje igi ló ń ṣe èéfín, kì í ṣe òjé, àmọ́ kò dára fún àyà. Òjé fúnra rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, nítorí náà ẹ má jẹ àkàrà nídìí iṣẹ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tí ẹ bá parí.

Nígbà tí irin bá gbóná, ẹ fi òjé díẹ̀ ra ẹnu rẹ̀, kí ẹ nù ún lára kànìnkànìn tútù títí yóò fi máa dán. Ẹnu tó dúdú kì í gbé ooru.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí: kì í ṣe irin ló yẹ kó yọ́ òjé. Ibi tí ẹ fẹ́ jó ni irin ń mú gbóná, ibẹ̀ ni yóò sì yọ́ òjé. Ẹni tó bá yọ́ òjé sẹ́nu irin, tó wá ń fi kun ẹsẹ̀ LED, oje igi inú rẹ̀ ti jóná kó tó débẹ̀. Òjé yóò kàn jókòó sórí rẹ̀ ni, kò ní mú. Ẹ fi ẹnu irin kan ẹsẹ̀ náà àti òrùka bàbà tó yí i ká lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka ení, èjì. Ẹ wá fi òjé kàn án láti apá kejì. Bó bá ti ṣàn yí ẹsẹ̀ ká, ẹ kọ́kọ́ mú òjé kúrò, kí ẹ tó mú irin. Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ má mì í.

Èyí tó dára máa ń dán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dà gẹ̀ẹ́rẹ́ bí òkìtì kékeré. Bó bá rí roboto, kò tíì mú, ẹ tún dá irin padà sí i. Òjé tí a pò mọ́ tánńganran ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 183 sí 190 Sẹ́líṣíọ̀sì. Fọ́nrán ìjó tí kò ní òjé gidi nínú rárá ń fẹ́ nǹkan bíi 217, èyí àkọ́kọ́ ló rọrùn fún ọwọ́ tuntun. Ẹ má jẹ́ kí irin pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún lọ lẹ́sẹ̀ LED, kó má baà kú. Bí kò bá tíì mú, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ó dára kí ẹ tọrọ bọ́ọ̀dù rédíò tó ti bàjẹ́, kí ẹ fi kọ́ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ti báàjì.

Rẹsísítọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ jó, lẹ́yìn náà LED, súìṣì, ilé bátìrì ní ìkẹyìn. Bátìrì kò gbọdọ̀ sí nínú ilé rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ má sì jó wáyà mọ́ bátìrì fúnra rẹ̀ láéláé. Ó lè bẹ́. Bí ẹ bá ń gé ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ẹ fi ìka di orí rẹ̀ mú kó má fò sójú. Bí irin bá jó yín, omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú ni, kì í ṣe epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín.

Wíwọ̀ ọ́

Ẹ rán àǹkárá onípele méjì bo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì kan pínnì mọ́ aṣọ náà. Bí pínnì bá kan òjé, iná á gba ibi tí kò yẹ. Ẹ rán aṣọ bo bátìrì dáadáa, kí ọmọdé má lè yọ ọ́. Bí ọmọ bá gbé e mì, láàárín wákàtí méjì ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Bí kò bá sí èyí tó tàn, ẹ yẹ ojú tí bátìrì kọ sí wò, àti bóyá òjé ti so ibi méjì tí kò yẹ kó pàdé. Bí ọ̀kan péré bá kọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí padà tàbí òjé rẹ̀ kò mú. Bí ewé bá sì kọ́kọ́ ń ṣú lẹ́yìn tí ẹ ti wọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, tí pupa ṣì ń tàn, agbára bátìrì ló ń lọ sílẹ̀: ẹ pààrọ̀ rẹ̀.