Ìkànnì yìí, ṣé ojúlówó ni? Ìdáhùn fún gbogbo ẹni tó ń na fóònù sí mi ní Kubwa

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Kubwa, lẹ́bàá ọ̀nà ọjà. Àwọn ará wa láti Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo tó ń gbé Abuja ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń na fóònù sí mi: "Àǹtí, ẹ bá mi wo ibí yìí, ṣé kì í ṣe jìbìtì?" Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ìbéèrè kan náà ni. Ó ti sú mi, nítorí pé ìgbà tí owó bá ti lọ tán ni ọ̀pọ̀ ń bèèrè. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀.

"Àgádágodo wà níwájú àdírẹ́sì rẹ̀. Ṣé kò tíì tó ni?"

Kò tó. Ohun tí àwòrán àgádágodo kékeré yẹn ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè já lẹ́tà yín kà lójú ọ̀nà. Kò sọ irú ẹni tó máa gba lẹ́tà náà. Láti 2015 ni àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ayé ní ìwé-ẹ̀rí tó ń gbé àgádágodo náà wá, lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn olè náà sì ń gbà á. Àṣìlóye yìí pọ̀ débi pé ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Google yọ àwòrán àgádágodo kúrò nínú Chrome, ohun èlò wọn tí a fi ń ṣí ìkànnì, wọ́n fi àmì míì rọ́pò rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kọ "Not secure" (kò ní ààbò) ni kí ẹ má tẹ ohunkóhun sí rárá.

"Mo rí gov nínú àdírẹ́sì rẹ̀."

Apá ibo lẹ ti rí i? Ẹ wá àmì / àkọ́kọ́ lẹ́yìn "https://", ẹ fi ìka dí gbogbo ohun tó tẹ̀lé e, kí ẹ wá máa kà á bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. passport.immigration.gov.ng parí sí gov.ng, ti ìjọba ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ immigration.gov.ng.pasipoti-kiakia.com, ẹni tó ni pasipoti-kiakia.com ló ni gbogbo rẹ̀; aṣọ aláṣọ ni "immigration" àti "gov" tó wọ̀ síwájú. NITDA, iléeṣẹ́ ìjọba tó wà fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, ló ń bójú tó gov.ng, kì í ṣe ohun tí aráàlú lè rà. Ní ti .com.ng, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè rà á. Bwari níbí ni oríléeṣẹ́ JAMB wà, kò jìnnà sí wa, síbẹ̀ àwọn òbí ṣì ń sanwó lórí ìkànnì tí kì í ṣe jamb.gov.ng. Ó ń dùn mí gan-an.

"Òun ló wà lókè pátápátá lórí Google."

Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "Sponsored" sí i lórí. Owó ló gbé e débẹ̀.

"Ó rẹwà, ó sì mọ́ tónítóní."

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí.

"Kì í tètè ṣí."

Ẹ kọ́kọ́ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Ìkànnì ìjọba tòótọ́ náà máa ń fà.

"Wọ́n kọ ọdún yìí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Kọ̀ǹpútà lè máa yí ọdún yẹn padà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó wà lórí ìròyìn tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn ni kí ẹ wò.

"Ìkànnì kan ní àgbo kan wà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru."

Ta ló kọ ọ́? Ìgbà wo ló kọ ọ́? Kí ló ń tà? Bí kò bá sí orúkọ oníṣègùn kankan níbẹ̀, tí wọ́n sì ní kí ẹ rà á lábẹ́ gbogbo ìpínrọ̀, ìpolówó ọjà lẹ ń kà. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wá a nínú Greenbook, àkójọ àwọn ọjà tí wọ́n fọwọ́ sí, tí NAFDAC gbé sórí ayélujára, kí ẹ rí i pé orúkọ ọjà tó wà níbẹ̀ bá ti ọwọ́ yín mu. Ẹ má ṣe torí ìkànnì kankan dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró. Mo mọ màmá kan tó dá tiẹ̀ dúró. Apá òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́.

"Wọ́n ní àwọn forúkọ sílẹ̀ ní CAC."

CAC ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ lè wá orúkọ wọn lórí ìkànnì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá rí i, wọ́n forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, ẹ tún wo àkójọ àwọn tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fọwọ́ sí.

"Àǹtí, ìkànnì yìí ti wà láti 2011. Ṣé jìbìtì lè dàgbà tó bẹ́ẹ̀?"

Mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó ka èyí.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan, bàbá kan tó ń ta pákó ní Dei-Dei mú ìkànnì kan wá bá mi. Wọ́n ní àwọn ń yá àgbẹ̀ àti oníṣòwò kékeré lówó. ₦35,000 ni owó fọ́ọ̀mù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń yẹ gbogbo wọn wò. Àdírẹ́sì rẹ̀ kò ní àbùkù. Òyìnbó inú rẹ̀ já gaara. Mo wá fi WHOIS wò ó, ìyẹn ibi tí èèyàn ti lè rí ọjọ́ tí wọ́n dá orúkọ ìkànnì sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn àti ọjọ́ tí yóò parí. 2011 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ìkànnì jìbìtì tí mo ti ń rí kì í sábà pé oṣù mẹ́ta, nítorí náà mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀." Bàbá sanwó. Wọ́n tún bèèrè ₦50,000 fún adójútòfò. Ó tún san án. Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà wọn kò lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni bàbá yìí gbà gbọ́. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi tan jẹnẹrétọ̀, tí mò ń wá ibi tí mo ti ṣìnà. Mo wo orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bóyá wọ́n to r àti n pọ̀ kó lè jọ m. Rárá. Mo mú odindi gbólóhùn kan nínú rẹ̀, mo fi í sáàárín àmì àyọlò, mo sì wá a lórí Google. Ó jáde lórí ìkànnì ayánilówó kan ní Kẹ́ńyà, láìyọ lẹ́tà kan. Mo padà lọ ka ojú ìwé àdéhùn wọn, èyí tí n kò kà tẹ́lẹ̀. "KSh" ṣì wà níbẹ̀, owó Kẹ́ńyà. Wọ́n gbàgbé láti pa á rẹ́. Ó wá dájú pé jìbìtì ni. Ṣùgbọ́n 2011 yẹn ńkọ́?

Archive.org ló tú àṣírí rẹ̀. Wayback Machine tó wà níbẹ̀ máa ń tọ́jú bí ìkànnì ṣe rí láyé àtijọ́, àwọn míì tiẹ̀ wà níbẹ̀ láti 1996. Mo tẹ àdírẹ́sì náà sí i. Ní 2012, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ló jáde, àwọn ọmọdé nínú aṣọ funfun. Ní 2018, àwọn náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ìwé kan ṣoṣo tó sọ pé orúkọ yìí wà fún títà. Oṣù méjì sígbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó dé.

Bí ẹni ń san owó ilé ni a ṣe ń san owó orúkọ ìkànnì. Ẹni tí kò bá san mọ́, wọ́n lè fi tiẹ̀ ṣe gbàǹjo. Bí wọ́n bá tà á kí orúkọ náà tó parẹ́ nínú ìwé, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ á bá a lọ sọ́wọ́ ẹni tuntun. Bí ó bá parẹ́ pátápátá kí ẹlòmíì tó rà á ni yóò ní ọjọ́ tuntun. Láti ìgbà náà, n kì í gba ọjọ́ ìdásílẹ̀ nìkan gbọ́ mọ́. Mo máa ń wo bí ìkànnì ṣe rí ní ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó kéré tán. Bí iṣẹ́ tó ń ṣe bá ti yí padà láìsí àlàyé, mo máa ń ní kí ẹni náà má san kọ́bọ̀. Bí ẹ kò bá sì rí nǹkan kan níbẹ̀, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di jìbìtì; àwọn ìkànnì kan wà tí kì í gbà kí wọ́n tọ́jú àwọn.

Mo ti dá ìdajì owó bàbá yẹn padà fún un. Mò ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀.

"Mo ti tẹ nọ́ńbà káàdì mi síbẹ̀."

Ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí ẹ bá rí lórí Google. Ẹ ní kí wọ́n dí káàdì náà. Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ lójú fóònù kí ìkànnì náà tó pòórá, kí ẹ sì kó o lọ fún ọlọ́pàá. Bí ẹnì kan bá wá pè yín pé òun lè bá yín gba owó náà padà, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ san nǹkan kan, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn tó gba ti àkọ́kọ́ ló sábà máa ń padà wá.