Bí ẹ ṣe lè so fáìlì mọ́ ímeèlì nínú Thunderbird láìfi dátà ṣòfò

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin tó mọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní London á ti máa bi akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) wọn pé fọ́tò dà, ìṣirò owó aṣọ ńkọ́. Thunderbird, ètò ímeèlì orí kọ̀ǹpútà, lè gbé méjèèjì lọ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ tò ó báyìí: ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, ẹ so fáìlì tẹ̀ lé e, kí àdírẹ́sì gbẹ̀yìn.

Ìdí rèé. Bí ẹ ṣe ń kọ lẹ́tà lọ́wọ́ ni Thunderbird ń tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀ sínú Drafts (fóldà lẹ́tà tí ẹ ò tíì fi ránṣẹ́), ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún bí ẹ ò bá yí i padà. Lórí àkáǹtì IMAP (irú èyí tí lẹ́tà ń wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ímeèlì), orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà, ni Drafts yẹn sábà máa ń wà. Bí fáìlì 12 MB bá ti wà lára lẹ́tà, tí ẹ wá ń fi ogún ìṣẹ́jú to ọ̀rọ̀, ó lè gbé 12 MB yẹn lọ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin kí ẹ tó tẹ Send rárá. Ti àdírẹ́sì ò le: lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì ò lè ṣèèṣì lọ.

Ẹ tẹ New Message (Write ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀). Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí, ẹ tẹ Attach lókè, tàbí Ctrl+Shift+A, kí ẹ mú fáìlì. Ẹ di Ctrl mú bó bá ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ tó tẹ Open. Orúkọ wọn àti ìwọ̀n wọn á jáde nísàlẹ̀. Bí orúkọ ọ̀kan bá jẹ́ Document1.docx, ẹ yàn án, ẹ tẹ F2, ẹ sọ ọ́ ní orúkọ tó nítumọ̀. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ò ní yí padà. Bí ẹ bá fi máòsì wọ́ fọ́tò wá, orí Add as Attachment ni kí ẹ jù ú sí. Append inline á tò ó sí àárín ọ̀rọ̀ ni.

Fóldà ò ṣeé mú níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣe ló máa ṣí. Ẹ sọ ọ́ di zip ná. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má retí pé zip á dín fọ́tò JPEG kù. Wọ́n ti fún un pọ̀ tẹ́lẹ̀. Zip kàn dì wọ́n sójú kan ni.

Ìwọ̀n lè dá lẹ́tà padà. Gmail fi òpin sí 25 MB, ti ilé iṣẹ́ míràn sì lè kéré sí i. Fáìlì tún máa ń wú lójú ọ̀nà: báìtì mẹ́ta á di mẹ́rin, nítorí náà 15 MB á tó 20 MB kó tó débẹ̀. Bí fọ́tò kan bá jẹ́ 4 MB, ẹ má so ju mẹ́ta lọ. Tàbí kí ẹ ṣí i nínú Paint ti Windows, ẹ tẹ Ctrl+W, ẹ mú Pixels, ẹ kọ 1600 sí ìbú rẹ̀, kí ẹ fi F12 tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ míràn, kí ojúlówó má bàa bàjẹ́. Fìlà àti gèlè á ṣì hàn kedere.

Bí orí fláàṣì ni fáìlì wà, ẹ má yọ ọ́ kí lẹ́tà tó lọ tán. Bí ẹ bá tẹ Send, Thunderbird lè tún ka fáìlì. Bí kò bá rí i, á ní òun ò lè fi í kún un. Bí ìṣirò bá ṣì wà ní ṣíṣí nínú Word, èyí tí ẹ tọ́jú kẹ́yìn ló ń lọ, kì í ṣe èyí tó wà lójú yín.

Thunderbird máa ń ránni létí bí ẹ bá gbàgbé fáìlì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí “attached” ló ń wò. Nínú Settings, ẹ lọ sí Composition, ẹ tẹ Keywords, kí ẹ fi “fáìlì” àti “faili” kún un, torí pé kì í ṣe gbogbo ìgbà la ń fi àmì ohùn sí i.

Ó ku Sent, fóldà ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ ti fi ránṣẹ́. Gmail ń tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà fúnra rẹ̀. Bí Thunderbird bá tún gbé tirẹ̀ lọ, fáìlì kan ti gba dátà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ìjẹ̀bú wo ló fẹ́ san owó ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì? Nínú Account Settings, ẹ wá Copies & Folders, ẹ yọ àmì iwájú “Place a copy in”. Gmail là ń wí o. Sáfà tí kì í tọ́jú ẹ̀dà, bí ẹ bá yọ àmì yẹn, ẹ ò ní rí lẹ́tà náà nínú Sent mọ́.