Gáàsì AC mọ́tò kì í dédé tán o

Tí AC mọ́tò bá ti ń fẹ́ ooru, ohun tí gbogbo wa máa kọ́kọ́ sọ ni pé gáàsì ti tán, ẹ jẹ́ ká lọ fi sí i. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi gáàsì sí Corolla mi láàárín oṣù márùn-ún, á tutù nini fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún di ààrò.

Ẹ gbọ́, gáàsì AC kì í ṣe bẹntiróò tí ẹ́ńjìnnì ń mu. Ojú kan náà ló ń yí po, tó bá fi lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń jò níbì kan nìyẹn, ẹni tó bá sì ń rọ òmíràn lé e láì wá ibẹ̀, owó ẹ̀ ló ń fẹ́ sáfẹ́fẹ́.

Níbi wíwá a gan-an ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹlòmíì á fọ́n omi ọṣẹ sí páìpù tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́, kí ló fẹ́ hó? Gáàsì náítírójìn ni wọ́n máa ń fi tì í látinú kí ọṣẹ lè hó, torí ó gbẹ, kì í sì í jó. Àwọn tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tó máa yá sìlíńdà ọ́síjìn lọ́wọ́ wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà o! Ọ́ìlì wà nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń ti gáàsì kiri yẹn, tí ọ́síjìn tó lágbára tó yẹn bá pàdé ẹ̀, ó lè bú gbàmù láìsí ẹni tó ṣáná sí i.

Kẹ́ ẹ tiẹ̀ tó gbé ọṣẹ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù kẹ́ ẹ wo gbogbo ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀. Ọ́ìlì máa ń bá gáàsì jáde, eruku á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Tèmi, ẹ̀yìn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló wà, àmì dúdú kan tí ò ju èékánná àtàńpàkò lọ, ìgbà táa ta ọṣẹ sí i ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó wínníwínní bí ẹyin ẹja.

Réwáyà tó kọ́kọ́ rí i ní kí n má ṣèyọnu, ó gbé sípánà, ó fún nọ́ọ̀tì yẹn títí páìpù fi lọ́. Nọ́ọ̀tì kọ́ ló ń jò, ó-ríìnì inú ẹ̀ ló ti gan, rọ́bà pẹ́ńpẹ́ tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan, mo wá ra páìpù mọ́ ọn. Ẹ má fi tépù funfun àwọn púlọ́ńbà wé e o, rọ́bà tí wọ́n ṣe fún AC ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì AC pa á lára. Oògùn agolo tí wọ́n ní ó ń dí ihò, èmi ò sún mọ́ ọn, ó lè lọ dí ibi tí ò yẹ kó dí.

Tí wọ́n bá tún un ṣe tán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kù gìrì rọ gáàsì. Kí wọ́n fi pọ́ǹpù fa atẹ́gùn àti omi inú ẹ̀ jáde, ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n pa á, kẹ́ ẹ wo géèjì bóyá ọwọ́ ẹ̀ ń padà, tó bá ń padà, ó lè jẹ́ pé ó ṣì ń jò nìyẹn. Iye gíráàmù tó ń gbà wà lára sítíkà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe kẹ́nì kan máa fọwọ́ kan páìpù kó ní ó ti tó. Sítíkà yẹn náà lẹ máa fi mọ̀ bóyá irú gáàsì tí wọ́n ń pè ní R134a ló ń lò, torí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tuntun tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ báyìí, irú mìíràn tó ń jẹ́ R1234yf ni wọ́n ń lò, owó ẹ̀ ga fíìfíì, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ pàápàá yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń fipá ti géèjì R134a bọ̀ ọ́, ẹ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì yín dé.