Bí Ẹ Ó Ṣe Mọ Ohun Tí Iṣẹ́ Abẹ fún Ìtọ̀ Tó Ń Jò Lè Ṣe fún Yín Títí Ọdún Púpọ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ nítorí ìtọ̀ tó ń jò, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó ń ṣe yín. Iṣẹ́ abẹ tí à ń sọ níhìn-ín wà fún ìtọ̀ tó ń jò bí obìnrin bá wúkọ́, bó bá sín, bó bá rẹ́rìn-ín tàbí bó bá gbé ẹrù. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ìtọ̀ ń gbọ̀n yín lójijì, tó sì ń dà kí ẹ tó dé ilé ìtọ̀, ìdánrawò àpòòtọ̀ (kíkọ́ bí a ṣe ń mú ìtọ̀ dúró pẹ́ díẹ̀díẹ̀) àti oògùn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń dà tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́ jù lè jẹ́ pé ihò ti lu láàárín àpòòtọ̀ àti ojú ara. Iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ fi oṣù 3, ó kéré tán, ṣe ìdánrawò fífún iṣan ìsàlẹ̀ abẹ́, nítorí àwọn obìnrin kan kì í nílò ọ̀bẹ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún fi ọjọ́ 3 kọ ọ́ sílẹ̀: omi tí ẹ mu, iye ìgbà tí ẹ tọ̀, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó jò, àti iye páàdì tí ẹ pààrọ̀. Ẹ má ju ìwé náà nù. Òun ni ẹ ó fi wo ara yín lẹ́yìn ọdún 5, nígbà tí ẹ ó ti gbàgbé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ náà ń ṣe dáadáa, ẹ bi í pé: lẹ́yìn ọdún mélòó, kí sì ni ẹ̀ ń pè ní àṣeyọrí? Ìdáhùn ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ méjì wéra lára obìnrin 655: èyí tí wọ́n fi ń rán ẹran ẹ̀gbẹ́ ọrùn àpòòtọ̀ mọ́kè, àti èyí tí wọ́n fi ọ̀já awọ líle tó bo iṣan, tí wọ́n gé lára obìnrin fúnra rẹ̀, ṣe àgbékọ́ sábẹ́ ọ̀nà ìtọ̀. Nígbà tó pé ọdún 5, nǹkan bí 24 nínú 100 àwọn tí wọ́n rán fún, àti 31 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe àgbékọ́ fún, ló sọ pé ìtọ̀ kò jò rárá mọ́. Síbẹ̀, 73 àti 83 nínú 100 ni inú wọn dùn sí i. Kò sí irọ́ níbẹ̀: jíjò tó kù lè kéré gan-an sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí gbígbẹ pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́ iye àkọ́kọ́ yẹn kó tó gun tábìlì.

Tẹ́ẹ̀pù oníke tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ọ̀nà ìtọ̀, tí Ulf Ulmsten ará Sweden gbé jáde ní àwọn ọdún 1990, ti pẹ́ lára àwọn obìnrin kan: lẹ́yìn ọdún 17, ó ju 90 nínú 100 àwọn tí wọ́n rí yẹ̀ wò lọ tí ìtọ̀ wọn kò jò nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n wúkọ́. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè jẹ ẹran ojú ara wọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó lè máa dun ni ní itan tàbí nígbà ìbálòpọ̀, yíyọ rẹ̀ sì le. Ìdí nìyí tí England fi dá lílò rẹ̀ dúró ní oṣù keje ọdún 2018. Ẹ béèrè ẹni tí yóò yọ ọ́ bó bá dà rú.

Bí ìtọ̀ kò bá wá já geere mọ́, tí àrùn ìtọ̀ ń padà léraléra, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ padà sí ilé ìwòsàn, kódà bó ti pé ọdún 10. Ẹ mú ìwé tó sọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe àti orúkọ tẹ́ẹ̀pù náà dání. Ẹ ti gbọ́dọ̀ gbà á kí ẹ tó kúrò lọ́sibítù.