Bí ẹ ṣe lè dín owó ọkọ̀ kù tí ẹ bá kó àwọn ọmọ tó ti ń bàlágà lọ sí ìlú ńlá

Tí ọmọ bá ṣì kéré, owó ọkọ̀ rẹ̀ kì í wúwo lápò. Ọmọ ọwọ́ kì í san nǹkan kan, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì sábà máa ń san ìdajì. Ìgbà tí ọmọ bá ti di ẹni ọdún 12, 13, tí ohùn rẹ̀ ti ń yí, tí bàtà bàbá rẹ̀ ti ń bá a lẹ́sẹ̀ mu, ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ò kà á mọ́ ọmọdé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí owó ti ń wọlé fún un. Ọrùn òbí ni gbogbo ẹ̀ ń já lé. Ẹ kó mẹ́ta irú wọn dání, kí ẹ mú ìyàwó tàbí ọkọ yín mọ́ ọn, àgbàlagbà márùn-ún ni ẹ̀rọ ẹnu géètì máa rí.

Mo ti kó àwọn ọmọ mi rin ìlú díẹ̀ báyìí. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe áàpù tàbí káàdì kan báyìí ló ń dín ìnáwó kù jù. Mímọ ọjọ́ orí tí ìlú yẹn fi pààlà sáàárín ọmọdé àti àgbà ni. Ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó ra ohunkóhun, torí gbogbo ìṣirò tó kù, orí ẹ̀ ló dúró lé.

1. Ẹ wádìí ibi tí "ọmọdé" parí sí ní ìlú tí ẹ ń lọ

Àwọn ìlú ò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ní Paris, ọmọ tó bá ti pé ọdún 10 ti di àgbà lójú ọkọ̀. Ní Tokyo, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń san ìdajì. Tó bá ti bọ́ sí sẹ́kọ́ńdìrì, ó parí nìyẹn. Berlin ní tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó fún ọmọ ọdún 6 sí 14. Toronto rọ òbí lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ tí kò bá tíì pé 13 kì í san nǹkan kan nínú ọkọ̀ ìlú, ẹni ọdún 13 sí 19 sì ní iye tirẹ̀ tó kéré sí ti àgbàlagbà. Ní San Francisco, láti ọdún 2021, ẹnikẹ́ni tí kò bá ju ọdún 18 lọ ń wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ìlú náà lọ́fẹ̀ẹ́, láìgba fọ́ọ̀mù kankan. Ọkọ̀ ayé àtijọ́ tí okùn irin ń fà gun òkè nìkan ni kò sí nínú ètò yẹn, òun gan-an sì ni àwọn ọmọ máa ń fẹ́ wọ̀.

Ti New York ló pa mí lẹ́rìn-ín. Gíga ni wọ́n ń wò níbẹ̀, wọn ò béèrè ọjọ́ orí: ọmọ tí kò bá ga ju ínṣì 44 lọ, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 112, lè tẹ̀lé àgbàlagbà tó sanwó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ò tíì rí ọmọ ọdún 13 tí ìyẹn máa bá mu. Tí ibi tí ẹ ń lọ bá ti rí báyìí, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀dínwó ọjọ́ orí. Ẹ kọjá sí ìgbésẹ̀ kejì.

Ẹ tún wò ó bóyá àlejò lè jẹ nínú ẹ̀dínwó tí ẹ rí. Láti ọdún 2013 ni àwọn ará Tallinn, olú ìlú Estonia, ti ń wọ ọkọ̀ ìlú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará ìlú nìkan ló wà fún. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tí Scotland gbé kalẹ̀ ní 2022 fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 22 náà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ni ín. Luxembourg ni ò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò: láti 2020 ni ọkọ̀ èrò ti di ọ̀fẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, àfi ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí ààyè olówó ńlá nínú rélùwéè.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti London, torí owó tí kò yẹ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń san níbẹ̀. Ọmọ ọdún 11 sí 15 tó wá ṣàbẹ̀wò lè máa san ìdajì owó àgbàlagbà fún ọjọ́ 14, ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó náà kì í dá wọ inú káàdì. Ẹ ní láti gba káàdì Oyster, ìyẹn káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ níbẹ̀, fún ọmọ náà, kí ẹ mú òun àti káàdì lọ bá òṣìṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ̀dínwó Young Visitor ni ẹ fẹ́. Á gbé káàdì náà sórí ẹ̀rọ, á tẹ nǹkan méjì mẹ́ta, ó parí. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹni tí kò bá sì béèrè níbí, owó kíkún ló máa san títí á fi padà sílé. Àgbàlagbà kan lè gbà á fún ọmọ mẹ́rin. Ọmọ tó bá ti pé 16 ò sí nínú ẹ̀ mọ́.

2. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ máa wọ ọkọ̀, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ojúmọ́

Èyí ṣe mí rí. Lọ́jọ́ kìíní wa ní ìlú kan, mo dúró síwájú ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì, èrò ti tò sẹ́yìn mi, ọ̀gbẹ́ni tó tẹ̀ lé mi ń mí kanlẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì ojúmọ́ tí wọ́n ní a lè fi wọkọ̀ títí á fi rẹ̀ wá. Mo tẹ márùn-ún, mo sanwó. A wọ ọkọ̀ dé àárín ìlú. Ibi tí a fẹ́ dé níbẹ̀ ò jìnnà síra wọn, ẹsẹ̀ la fi rìn ín títí ilẹ̀ fi ṣú, a wá wọ ọkọ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́jọ́ kan! Nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀ lálẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì iye tó yẹ kí n san, lórí èèyàn márùn-ún.

Láti ìgbà yẹn, bébà ni mo ń lò. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo máa kọ ibi tí a ń lọ tẹ̀ lé ara wọn, mo máa fa ọfà kékeré sáàárín ibi tí ẹsẹ̀ ò lè gbé wa dé. Ọfà kan, ọkọ̀ kan. Lẹ́yìn náà, mo máa wo ìlọ́po mélòó iye tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan ni tíkẹ́ẹ̀tì ojúmọ́ jẹ́. Ká ní ìlọ́po mẹ́rin ni, tí ọfà wa sì jẹ́ mẹ́ta, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan la máa rà. Tí ọfà bá jẹ́ márùn-ún, a máa ra tojúmọ́.

Ẹ ṣe ìṣirò ti ọmọ lọ́tọ̀ o. Ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń ṣì í. Tó bá jẹ́ pé ìdajì ni ọmọ ń san lórí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan, àmọ́ tí kò sí ẹ̀dínwó fún un lórí tojúmọ́, mẹ́rin yẹn ti di mẹ́jọ nìyẹn. Ta ló ń wọ ọkọ̀ ìgbà mẹ́jọ lójúmọ́? Ó lè jẹ́ pé tojúmọ́ ló dára fún ẹ̀yin òbí, kó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan ló dára fún àwọn ọmọ. Kò sí òfin tó ní kí gbogbo ilé ra irú kan náà.

Ẹ sì bèèrè ìgbà tí "ojúmọ́" bẹ̀rẹ̀. Níbòmíì, ọ̀gànjọ́ òru ló ń parí. Níbòmíì, wákàtí 24 ni, láti ìgbà tí ẹ bá ti kọ́kọ́ lò ó, bíi ti tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò fún ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Tokyo. Èyí tó jẹ́ wákàtí 24, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, á gbé yín jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ náà wà, àwọn òbí sì máa ń fojú fò ó. Ní Munich, àgbàlagbà márùn-ún lè lo tíkẹ́ẹ̀tì ojúmọ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún 6 sí 14 méjì ni wọ́n sì ń kà sí àgbà kan. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta tó ti pé 15, bébà kan ló máa kó gbogbo wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ ò gbọdọ̀ ya ara yín. Tí èyí àkọ́bí bá ní òun fẹ́ dá lọ wo ilé ìtajà kan, kò ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ọmọ yín. Tí wọn kì í bá dúró lójú kan, ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ sílẹ̀.

3. Orí kan, káàdì kan

Ní àwọn ìlú tí wọ́n ti ń fi káàdì kan ẹ̀rọ kí géètì tó ṣí, gbèdéke sábà máa ń wà: tí owó tí káàdì náà ti san bá ti tó iye kan lójúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀, ẹ̀rọ á dáwọ́ owó dúró. Bó ṣe rí ní London nìyẹn. Ní New York, tí káàdì kan bá ti sanwó ìgbà 12 láàárín ọjọ́ 7, ìyókù ọjọ́ 7 yẹn di ọ̀fẹ́ fún un. Ẹ ò ní láti ra tojúmọ́ tàbí tọ̀sẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá yín ṣírò.

Ṣùgbọ́n káàdì ni ẹ̀rọ mọ̀, kò mọ èèyàn. Ọmọ tó fi káàdì báńkì kan ẹ̀rọ láàárọ̀, tó wá fi fóònù kàn án nírọ̀lẹ́, ẹni méjì ló jẹ́ lójú ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àkáǹtì kan náà ni owó ti ń jáde. Kò sí èyí tó máa dé gbèdéke nínú méjèèjì. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi bẹ̀rẹ̀, òun ni kó fi parí.

Káàdì báńkì sì kì í mọ ọjọ́ orí. Ní Toronto, ọmọ ọdún 15 tó bá fi káàdì báńkì kan ẹ̀rọ, owó àgbàlagbà ló san. Káàdì Presto, ìyẹn káàdì owó ọkọ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ti ṣètò sí ti ọ̀dọ́ ló ń gba ẹ̀dínwó.

Ní ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ London, ẹ ní láti kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹni tó bá gbàgbé, iye tó ga jù ni wọ́n máa yọ. Ọmọ tó ki nǹkan bọ etí méjèèjì, tó ń tẹ fóònù, ló máa ń gba ẹnu géètì tó ṣí sílẹ̀ kọjá láìkan nǹkan kan. Mo máa ń dúró níwájú, kí n máa wo ọwọ́ wọn.

Ẹ má sáré san owó ọkọ̀ kejì tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọkọ̀, ó lè ti wà nínú ti àkọ́kọ́. Ní London, láàárín wákàtí kan, bọ́ọ̀sì yòówù tí ẹ bá tún wọ̀ ti wà nínú owó bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Ní Toronto, wákàtí méjì ni.

4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn

Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, owó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ London máa ń ga láti aago 6:30 sí 9:30 àárọ̀, àti láti aago 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú míì náà. Ọmọ tí kì í fẹ́ jí, tí ẹ máa ń pariwo lé lórí nílé, ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn títí aago 9 á fi kọjá. Èyí nìkan ni ìgbà tí oorun rẹ̀ máa mówó wálé.

5. Ẹ mú ẹ̀rí ọjọ́ orí dání

Ọmọbìnrin mi ga jù mí lọ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 14. Nínú ọkọ̀ ojú irin ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, ayẹ̀tíkẹ́ẹ̀tì wo tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní ká mú ìwé wá. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nínú àpótí ní òtẹ́ẹ̀lì. Mo fi àwòrán rẹ̀ hàn án lórí fóònù, ó ní òun ò gba ti fóònù. Owó ìtanràn tí a san lọ́jọ́ yẹn gbé gbogbo ohun tí a ti fi ẹ̀dínwó rí mì pátápátá. Káàdì iléèwé tó ní fọ́tò àti ọjọ́ ìbí sábà máa ń tó, ẹ fi sínú àpò ọmọ náà fúnra rẹ̀, ẹ má kó ti gbogbo wọn sọ́wọ́ ara yín.

6. Ẹ gbé ìṣirò lé wọn lọ́wọ́

Àwọn ọmọ yìí mọ fóònù jù wá lọ. Lọ́jọ́ kan, mo fún èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní owó ọkọ̀ gbogbo wa, mo ní kó gbé wa rìn, ohun tó bá kù lọ́wọ́ rẹ̀, tiwọn ni. Ẹ ò lè gbà gbọ́! Ọmọ tí kì í fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé ìta ló wá ń sọ pé, "Mọ́mì, ibí yẹn ò jìnnà, ẹ jẹ́ ká rìn." Òun ló rí i pé láti ibùdó Leicester Square sí Covent Garden ní London ò tó mítà 300, tó sì jẹ́ pé iye kan náà pẹ̀lú ti ìrìn tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìlú ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n wá ọkọ̀ ọ̀fẹ́ náà. Ọkọ̀ ojú omi Staten Island ní New York kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì máa ń gba ibi tí èèyàn ti lè rí ère Òmìnira kọjá. Ní àárín gbùngbùn Melbourne, ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ tíráàmù, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ojú títì.

7. Òtẹ́ẹ̀lì àti pápákọ̀ òfurufú

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì léèrè. Ní Geneva àti Basel ní Switzerland, ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì máa ń gba káàdì tó fi ń wọ ọkọ̀ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ fún iye ọjọ́ tó fi wà níbẹ̀.

Ní ti pápákọ̀ òfurufú, ẹ ṣírò takisí mọ́ ọn, ẹ má wulẹ̀ rò pé rélùwéè ló máa ń dínwó. Rélùwéè tó ń sáré lọ tààrà, tí ẹni márùn-ún bá sanwó àgbà níbẹ̀, ó lè ju takisí ńlá kan lọ, pàápàá tí ẹrù bá wà. Ẹ tún wo bóyá ọkọ̀ ìlú lásán ń dé ibẹ̀, bí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń dé Heathrow.

Tí ẹ bá ń padà sílé, ẹ má sọ káàdì nù. Owó tó kù sórí Oyster kì í bàjẹ́, ẹ̀dínwó ọjọ́ 14 yẹn nìkan ló máa ń lọ. Tiwa wà nínú àpò ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀. Mo fi bírò kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀, mo sì kọ ọdún tí yóò pé 16 síwájú ti ọmọ tó kéré jù.